Ohùn Oyin Tí O Ń Fi Ránṣẹ́ Sí Mi

Ilé Àlejò Màmá Genovaitė,
Lẹ́bàá adágún,
Ọjọ́ Sátidé, nínú Oṣù Kejì.

Jogilė, ọ̀rẹ́ mi, ìbátan oyin mi,

Mo kí ọ, mo kí màmá rẹ, mo sì kí ajá yín tí kì í gbọ́ràn. Mo nírètí pé ara gbogbo yín le nínú òtútù yìí, pé igi ìdáná yín kò tíì tán, àti pé ìka ẹsẹ̀ màmá rẹ tó máa ń wú ní irú àkókò báyìí ti fúyẹ́. Ara tèmi náà le, mo dúpẹ́. Ọkàn mi nìkan ni kò le, ìdí sì nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà sí ọ dípò kí n pè ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan tí mo máa ń ṣe láràárọ̀ fún ọ, nítorí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní Vilnius, kí n tó lọ sí kíláàsì, màá wọ kóòtù mi, màá so okùn bàtà mi, màá wá lọ dúró lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí páìpù omi gbígbóná gbà kọjá lára ògiri. Ibẹ̀ móoru, ẹnikẹ́ni kì í sì í dúró níbẹ̀. Màá fa fìlà onírun àgùntàn mi bo etí méjèèjì, màá ki fóònù bọ abẹ́ rẹ̀ ní apá òsì, màá dijú. Màá ti ka ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́, tó máa ń yàtọ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀, màá wá tẹ ohùn tó tẹ̀ lé e. Ìka rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lára àpótí oyin bàbá àgbà mi: kó, kó. Lẹ́yìn náà ni oyin á dáhùn, ohùn wọn á gba gbogbo etí mi. Kannakánná kan á ké lẹ́ẹ̀mejì lókèèrè. Ìwọ á fa ikun imú rẹ. Ohùn oyin á tún máa lọ títí yóò fi dá. Nígbà náà ni màá yọ fóònù, màá tún fìlà mi ṣe, màá sì jáde sínú òjò dídì bí ẹni tí ẹnì kan ti kí káàárọ̀.

N kò ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, Jogilė. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ara wọn kí n tó dé. Bí nǹkan bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á ti parí kí n tó mọ ohun tó fà á. Olùkọ́ kan wà tó máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á wá dákẹ́, á máa wò wá. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe sọ kannakánná inú fóònù náà ní Pùròfẹ́sọ̀. Mo rò pé ẹyẹ gidi kan ni, tó ń wá bà lórí igi ápù bàbá àgbà láràárọ̀ tí o bá wà níbẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn pé, "Pùròfẹ́sọ̀, ẹ ṣeun tí ẹ tún wá."

Nígbà tí ìdánwò parí, gbogbo wọn palẹ̀ mọ́ lọ sílé. O mọ̀ pé n kò ní ilé tí màá lọ láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú. Màmá mi ṣì wà ní Norway níbi tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo. Mo wá gba yàrá kékeré tó wà lókè ilé ìwẹ̀ olóoru Màmá Genovaitė. Ilé àlejò tí bàbá àgbà fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́, tí mo ti dàgbà nínú bọ́tà àti èéfín rẹ̀, mo padà wá síbẹ̀ bí àlejò. N kò sọ fún ọ pé mò ń bọ̀. Mo fẹ́ kí èmi àti oyin jọ wà fún ọjọ́ kan, kí n wá gba orí yìnyín kọjá sọ́dọ̀ yín, kí n kan ilẹ̀kùn, kí o sì figbe ta nígbà tí o bá rí mi.

Màmá Genovaitė fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi níbi tí bọ́ọ̀sì ti já mi sílẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Vaiva! Ṣé ìwé ni wọ́n ń sè fún yín jẹ ní Vilnius ni? Wo ọrùn ẹ bí ọrùn ẹyẹ àkọ̀!" Ó gbé ọbẹ̀ gbòǹgbò bíìtì síwájú mi pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti búrẹ́dì dúdú, ó fa àga, ó sì jókòó tì mí bí ọlọ́pàá títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Kò sí àlejò mìíràn nínú ilé náà. Adágún ti dì láti etí kan dé èkejì, yìnyín rẹ̀ sì ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wọ́ àga nínú yàrá ńlá. Mo sùn dáadáa. Ó pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ sọ́dọ̀ oyin. Òjò dídì tó wà láàárín ilé ìwẹ̀ àti àwọn igi ápù mọ́ lóló, ẹsẹ̀ ehoro nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo ní bóyá o ò tíì dé ni. Bí mo ṣe súnmọ́ àwọn àpótí náà, mo rí i pé òjò dídì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ìdérí wọn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: níbi tí oyin bá wà, ooru wọn máa ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ rì díẹ̀. Mo tún ní bóyá òru àná ló rọ̀. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo kúnlẹ̀, mo fi eegun ìka kan àpótí àkọ́kọ́ bí bàbá àgbà ṣe kọ́ àwa méjèèjì, mo sì fi etí lé igi. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré nínú etí ara mi nìkan ni mo gbọ́. Mo kan èkejì. Mo kan gbogbo wọn.

Mo rò pé wọ́n ti kú. Mo sunkún níbẹ̀, nítorí àwa kì í sọ ikú oyin bí a ṣe ń sọ ikú ẹran, bí ti ènìyàn la ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo sunkún tán ni mo ṣí ìdérí. Oyin tó bá kú máa ń fi òkú sílẹ̀, Jogilė. Ilẹ̀ àpótí bàbá àgbà mọ́ bí àwo tí a fọ̀. Kò sí òkú kan, kò sí afárá kan, kódà àwọn igi tí afárá máa ń so mọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó kó wọn lọ kò kánjú, torí ó fi pákó dí ojú ihò wọn padà dáadáa, ó sì da ìdérí bò ó. Ẹni tó bá wò ó láti ojú wíńdò, tàbí nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí mi nígbà Kérésìmesì, yóò rò pé oyin ṣì wà nínú rẹ̀.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo wà tí fóònù mi fi dún. Ìwọ ni. O kọ ọ́ pé, "Ìbátan, káàárọ̀ o. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀ báyìí, ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ nínú òtútù. Wọ́n wà dáadáa. Gbọ́ wọn." Mo tẹ ohùn náà níbẹ̀, láàárín àpótí tó ṣófo. Kó, kó. Oyin dáhùn. Pùròfẹ́sọ̀ ké lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbójú sókè wo igi ápù. Ẹyẹ kankan kò sí níbẹ̀.

Mo jókòó sórí òjò dídì, mo sì tẹ gbogbo èyí tí o ti fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí ewé ti ń rẹ̀ sílẹ̀. Kannakánná kan náà ni. Ibì kan náà ló ti ń ké, ibì kan náà lo ti ń fa ikun imú. Ohùn kan ṣoṣo ni, ti ìgbà ooru. Èmi ọmọ-ọmọ Steponas mọ̀ pé nígbà òtútù, oyin kì í dáhùn pẹ́, wọ́n á kàn kùn díẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Àmọ́ ìwọ lo fi ránṣẹ́, n kò sì ní ìdí kankan láti yẹ̀ ọ́ wò.

Màmá Genovaitė ń bó ọ̀dùnkún nígbà tí mo wọlé. Mo bi í pé níbo ni àwọn oyin wà. Ó ní, "Oyin wo? Vaiva, àwàdà lò ń bá mi ṣe ni? Ṣebí ìwọ lo ní kí Jogilė fi wọ́n fún Pranciškus, bàbá Tautvydas, nígbà tí wọ́n wá tọrọ ẹ̀ níyàwó fún ọmọ wọn! Yéè, ọjọ́ yẹn dùn! Ibí yìí la ti bu búrẹ́dì, a fi oyin jẹ ẹ́, ọkùnrin alágídí yẹn sunkún bí ọmọ ọwọ́. Gbogbo wa bèèrè ẹ. Jogilė ní ìwé ò jẹ́ kó o ráyè, pé o kí wa. Mo ní, 'Ọmọ yẹn jọ bàbá àgbà ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò há.'" Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi pa mí lórí. O mọ̀ mí, Jogilė. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo mú ọ̀bẹ kejì, mo bá a bó ọ̀dùnkún.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá nìkan rìn létí adágún, tí mo ń ronú. A kì í ta oyin níbí, a kì í rà á, a máa ń fi í fúnni ni, ẹni tí a bá sì fún di ẹbí. Nígbà tí oyin bàbá àgbà lọ so rọ̀ sórí igi nínú ọgbà yín, tí bàbá àgbà ní kí màmá rẹ mú wọn, àwa méjèèjì ṣì kéré. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lo ti fọ́ ọkọ̀ orí yìnyín mi. N kò fẹ́ràn rẹ rárá. Bàbá àgbà ní, "Ẹ ti di ìbátan báyìí o, ẹ lọ bára yín tún un ṣe." A sì tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ara wa bẹ́ẹ̀, kí a tó di ọ̀rẹ́ pàápàá.

Ohun tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn ni ọjọ́ tí a sin bàbá àgbà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ kan àpótí, kó sọ fún oyin pé olówó wọn ti kú, kí wọ́n má baà ṣí lọ. Èmi ló kàn, ẹnu mi kò sì là. Ìwọ lo di ọwọ́ mi mú. Ìka mi lo fi kan àpótí kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ lo fi bá wọn sọ̀rọ̀. O ní, "Steponas ti kú. Vaiva ló ni yín báyìí. Ẹ má lọ." Mo gbọ́ ọ, oyin gbọ́ ọ. Ní ìgbà ìkórè tí mo ń lọ sí Vilnius, tí mo fi wọ́n sí ọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n lọ láìbojú wẹ̀yìn. Kí ewé tó rẹ̀ tán, o ti fi wọ́n ra ẹbí mìíràn.

Mo fẹ́ wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ tí mo rí àpótí tó ṣófo gan-an. Mo rí ilé yín láti ojú wíńdò mi, ní òdìkejì yìnyín, pẹ̀lú èéfín tó ń jáde lórí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, o tún kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Atẹ́gùn pọ̀ lónìí, mo ti gbọn òjò dídì kúrò lójú ihò wọn." Ojú wíńdò ni mo dúró sí nígbà tí mo kà á. Màmá rẹ jáde wá da oúnjẹ fún adìẹ. Ajá jáde. Ìwọ kò jáde. N kò wá sọ́dọ̀ yín mọ́ lẹ́yìn èyí.

Àná ni mo tó jáde sórí adágún, mo tẹ̀ lé àwọn ẹ̀ka igi páìnì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi ọ̀nà tó ṣeé rìn hàn. Ọkùnrin àgbàlagbà kan jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń fi okùn dẹ ẹja nínú ihò yìnyín. Ó pariwo pé, "Ta nìyẹn tó ń rìn bí ẹyẹ àkọ̀? Háà! Ọmọ-ọmọ Steponas! Ìbátan, wá jókòó jàre!" Bàbá Pranciškus ni. Ó dìde, ó ṣí fìlà fún mi, èmi ọmọdé. Ó pín ẹja gbígbẹ rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Ó ní, "Mo ti ra màlúù, mo ti ra ẹṣin, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti dáyé, ẹnì kan ò fún mi lóyin rí. Agídí mi pọ̀, mo mọ̀. Ta ló fẹ́ bá èmi di ẹbí? Ìyàwó ọmọ mi ò tíì wọlé, ẹbí ti ṣáájú ẹ̀ dé!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ó ní gbogbo Sọ́ńdè, bí òun bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun á lọ kan wọ́n, òun á fetí sí wọn. Ó wá bi mí, ojú sì ń tì í díẹ̀, pé, "Kí ni Steponas máa ń bá wọn sọ? Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé aláìmọ̀kan ni mí." Mo ní, "Ojú ọjọ́ ni, Bàbá. Ó máa ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí fún wọn." Ó mi orí rẹ̀ bí ẹni tí a fún ní nǹkan iyebíye. Mo ki ẹja náà bọ àpò kóòtù mi. Mo lè sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, n kò sì lè jẹ́ ẹni tí yóò gba ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Jogilė, bí o bá bi mí ni, màá ní kí o mú wọn. Tọkàntọkàn ni. Màá wọ bọ́ọ̀sì wá, èmi àti ìwọ á jọ gbé búrẹ́dì náà lọ bá a, Bàbá Pranciškus á sì ní ẹbí méjì dípò ọ̀kan. O kò jẹ́ kí n fúnni ní ohun tí ó jẹ́ tèmi. Síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ, oyin kọ́ ló dùn mí jù. Ẹyẹ yẹn ni. Èmi tí n kò ní ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo Vilnius, mò ń dúró lábẹ́ àtẹ̀gùn, mò ń kí ẹyẹ tí kò sí níbẹ̀, ìwọ sì mọ̀, nítorí mo ti sọ fún ọ pé ohùn yẹn ló ń gbé mi dìde láràárọ̀.

A kì í gbé oyin kiri nínú òtútù. Bí a bá yọ wọ́n lẹ́nu báyìí, wọn yóò kú. Nítorí náà, kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà. N kò ní bi ọ́ léèrè wọn, nígbà ìrúwé pàápàá. Ohun kan ni mò ń bèèrè: kí o lọ bá Bàbá Pranciškus fúnra rẹ, kí o sọ fún un pé n kò mọ̀ sí i nígbà tí o fún un lóyin, kí o tó wọ ilé rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Èmi kò ní sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́, kọ̀wé sí mi, èmi náà á sì wá sọ fún un pé mo fi wọ́n fún un, á sì di òtítọ́. Bí o kò bá sọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Àmọ́ má ṣe pè mí ní ìbátan mọ́, torí n kò ní dáhùn.

Kí òtútù yìí rọra kọjá lórí ilé yín. Kí màmá rẹ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìgbà ìrúwé. Kí ilé tí ò ń lọ gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, kí Tautvydas fẹ́ràn rẹ dọ́jọ́ alẹ́, kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ má sì purọ́ fún ọ láé.

Èmi ni,
ìbátan oyin rẹ, títí màá fi gbọ́ èsì rẹ,
Vaiva.

Àfikún: Ọ̀la ni màá fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ fún Màmá Genovaitė kó fún ọ. Lẹ́yìn náà, màá tẹ̀ lé àwọn ẹ̀ka igi páìnì kọjá sí àgbàlá Bàbá Pranciškus, màá dúró dè é títí tí yóò fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá sì tọrọ pé kó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ ti àwọn àpótí náà. Màá bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, màá kan wọ́n, màá sọ bí atẹ́gùn orí adágún ṣe rí fún wọn. Màá gba ohùn wọn sínú fóònù mi, màá fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o lè gbọ́ bí oyin ṣe máa ń dún ní Oṣù Kejì. Kò ní gùn. Bí ẹyẹ kan bá sì ké nínú rẹ̀, ẹyẹ ọ̀la ni.